Táyà Tó Dé Ṣáájú

Òórùn bẹntiróòlù ló ń jí wa láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.
Bàbá mi á ti wà lábẹ́ Ìjàpá,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ó ti jí.
"Ràfátù, fún mi ní mẹ́tàlá."
Mo mọ sípánà mẹ́tàlá kí n tó mọ a, b, d,
òkùnkùn ò ní kí n ṣì í mú.

Olùkọ́ kan ló ta ọkọ̀ náà lọ́pọ̀ nígbà tó ń kó lọ sí Ìlọrin.
Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fíà
wọ́n tú ilẹ̀kùn, wọ́n tú ìjókòó ẹ̀yìn,
wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n fi okùn so bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ìyá mi ní, "Ẹ kúkú bó o láwọ."
Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ 8 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́;
ó fì sọ́wọ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé.

Ìdó-Ọ̀ṣun là ń lọ, pápá bàálù àtijọ́.
Bàálù ò bà síbẹ̀ mọ́, lékèélékèé ló ń bà.
A ó kọ́kọ́ lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà,
Láwàní á fi ẹfun fa ìlà,
á tún un fà, nítorí Sájẹ́ǹtì Ògúnrìndé á ní ó wọ́.
Píjò Sájẹ́ǹtì ń kùn bí àgbà tí a jí lójú oorun.
Mọ́rísì Tìámíyù ń húkọ́ èéfín,
bí ẹni tí aáṣáà gbà á lọ́nà òdì.
Gèlè pupa ìyá mi tó ti ṣá ni àsíá,
èmi ni mo sì ń jù ú,
torí èmi nìkan ni mi ò ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń yí pápá.
Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ní ẹ̀ẹ̀kẹta,
Ìjàpá ló ṣáájú.
Ìjàpá!
Àwọn ọmọ Ìdó ń fò sókè, eruku bo eyín wọn.
Ìgbà náà ni mo rí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì:
ó ń jó.

Nọ́ọ̀tù márùn-ún ló ń di táyà mú.
Alẹ́ àná, èmi ni wọ́n ní kí n dì í.
Mo di mẹ́ta, wọ́n pè mí wá mu gààrí.
Mo fi ọwọ́ kan àpò aṣọ mi:
méjì wà níbẹ̀, wọ́n tutù.

Mo ju àsíá nígbà tí kò tíì tó àkókò.
Bàbá mi tẹ bíréèkì, ó ń sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́,
ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà.
Ọkọ̀ rọra, ó rọra,
táyà ò rọra.
Ó yọ kúrò, ó ta gìẹ̀gìẹ̀, ó tọ́ ara rẹ̀,
ó gba iwájú mi kọjá láìkí mi,
ó ré ìlà ẹfun, ó wọ inú eèsún lọ.
Ìjàpá fi ìdí jókòó.
Kò sẹ́ni tó fọhùn. Lékèélékèé kan padà wá bà.

Wọ́n ṣẹjọ́ náà dìrọ̀lẹ́.
Sájẹ́ǹtì ní ọkọ̀ ni àdéhùn, a ò dárúkọ táyà.
Bàbá mi ní, "Táyà ta ni?"
Tìámíyù, tí Mọ́rísì rẹ̀ ti kú lẹ́yìn lọ́hùn-ún,
ló rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ju àsíá.

Ọdún Iléyá kò lè kọjá kí bàbá mi má sọ ìtàn yìí.
Táyà náà ń yára sí i lọ́dọọdún;
lọ́dún tó kọjá, ó ti ń dé Ẹdẹ.
Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ,
láàárín odó àti àpótí aṣọ,
mo bá sípánà tí a fi ń di táyà, tó fi àkísà wé.
Mo wo ojú rẹ̀.
Ó ń wo òkè, ó ní òjò fẹ́ rọ̀.