Kámẹ́rà Orí Bẹ́ńṣì

Mo fi okùn so kámẹ́rà mọ́ bẹ́ńṣì
létí omi ní Halifax, níbi tí ọkọ̀ Dartmouth ti ń gúnlẹ̀.
Mo kọ ọ́ sára páálí: Ya ẹyọ kan péré.
Fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.
Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló wà nínú fíìmù.
Mọ́rèniké ní wọn á jí i kílẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Òjò pa á, yìnyín bò ó.
Ẹnìkan tilẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé sí i lára
nítorí òtútù.

Nínú balùwẹ̀ wa, lábẹ́ iná pupa,
oògùn ń ta sí mi nímú,
àwọn àjèjì ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láti inú ìwé funfun:
ẹyẹ òkun tó já búrẹ́dì gbà;
bàbá kan tí eyín rẹ̀ ku méjì,
ó sì fi méjèèjì rẹ́rìn-ín;
àtàǹpàkò,
àtàǹpàkò,
àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta nìyí, Olúwa?

Ìkẹtàlélógún: èmi rèé,
lẹ́yìn òpó, tí mo fìlà bojú,
tí mo rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ wọn.

Ìkẹrìnlélógún, kò sẹ́ni tó yà á.
Ẹnìkan ti ka páálí mi
délẹ̀délẹ̀.