Owó Orí Ilé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Delmar Hruska wá wọn ilé wa,
okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, pẹ́ńsù létí,
yìnyín ṣì ń yọ́ lára bàtà rẹ̀.

Ní Nẹ̀bráskà, nílùú tí ọkọ̀ ojú irin ti gbàgbé,
ibùdókọ̀ àtijọ́ la sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.
A kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí kan ló wà níbẹ̀,
kí ẹni tó bá wù sọ nǹkan sí i.
Lóṣù tó kọjá, bọ́tìnì ẹ̀wù la bá nínú rẹ̀;
Ardis Kvamme kò bínú,
ó tò ó mọ́ àwọn bọ́tìnì inú gíláàsì.

Ìgò eruku kan wà lórí pẹpẹ,
eruku ọdún tí ilẹ̀ dìde tó bo oòrùn lójú.
Bàbá àgbà Ardis ló fi ìka gbá a jọ lórí àwo oúnjẹ rẹ̀,
ó ní, "Ẹ wo oko mi."

Mo ń gbálẹ̀ lẹ́yìn Delmar bó ti ń rìn.
Owó orí: ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn?
Ilé kò lórí, àfi òrùlé,
òrùlé tiwa sì ń jò.

Òfin ìpínlẹ̀ kò rorò, ká sòótọ́.
Ó ní ilé tí kì í wá èrè,
tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìkan la ń lò ó fún,
kó má san nǹkan kan.
Nìkan. Ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó léyín.

Nítorí Wendell Stroup wà lókè,
atúnagogoṣe tí ìyàwó rẹ̀ ti kú,
òun náà nìkan.
Yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá ní mọ́kànlá,
igba dọ́là lóṣù; owó yẹn ló ń ra gáàsì
tí kì í jẹ́ kí omi dì nínú páìpù wa.
Delmar na okùn láti ògiri dé ògiri.
Àwọn aago ń ka ìṣẹ́jú fún un,
kò sí méjì tó bára mu.
"Ìyókù ilé bọ́," ó ní. "Yàrá yìí yóò san."
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀
pé ìyá òun ló rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Báwo la ṣe ń gé òrùlé kan sí méjì?
Òjò kì í béèrè ibi tí òfin pín in sí.

Ọjọ́ Ẹtì, Wendell gbé tábìlì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀,
ó jókòó sáàárín ìgò eruku
àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dípẹtà.
Àwọn ọmọ ilé ìwé yí i ká,
ó ń fi bí ẹ̀mí ṣe ń padà sára irin hàn wọ́n.
Kò sanwó yàrá mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní oṣù
àpótí ẹnu ọ̀nà máa ń wúwo. A kì í bi í.

Ardis kọ káàdì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì:
"Atúnagogoṣe. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Delmar á padà wá lóṣù kẹta.
Aago ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ Wendell.