Ọmọ Ọlọ

Aago márùn-ún ìdájí, pápákọ̀ òfurufú Wínípẹ́ẹ̀gì.
Mo ti bọ́ bàtà, mo ti tú bẹ́líìtì,
ṣòkòtò ń yọ̀ wálẹ̀, mo fọwọ́ kan dì í mú
bí ọmọ iléèwé tí tíṣà fẹ́ nà.
Báàgì mi wọ inú ẹ̀rọ, kò jáde.

Ó lọ síwájú díẹ̀, ó padà sẹ́yìn.
Ẹni tó ń wo àwòrán pe ẹnì kejì rẹ̀.
Ohun dúdú kan wà lápò ẹ̀gbẹ́,
ó ju ẹyin adìẹ lọ, kò tó ẹyin ògòǹgò.

"Ta ló ni báàgì aláwọ̀ ewé yìí?"
Èmi ni. Ká sòótọ́, èmi kọ́.
Ìyá mi ló gbé e wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
nígbà tí wọ́n wá bá wa wẹ Ìníolúwa,
wọ́n sì fi í sílẹ̀ torí síìpù rẹ̀ ń ṣagídí.
Ẹ̀wù méjì ni mo jù sí i lálẹ́ àná,
ọjọ́ mẹ́ta péré ní Hálífáàsì,
n ò tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ aláró,
wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn láyà: Ligaya.
Ó yọ abẹ́rẹ́ kan tí òwú dúdú ṣì wà lójú rẹ̀,
náírà mẹ́wàá tó ti rún,
rísíìtì ẹja dídì.
Lẹ́yìn náà, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo,
èyí tí èmi àti ìyàwó mi torí rẹ̀ bára wa jà;
ohun kan wúwo nínú rẹ̀.

"Kí nìyí?"
Mo ní òkúta ni. Ó ní òun rí i pé òkúta ni.
Mo ní ata la fi ń lọ̀. Ó wò mí.

Etí adágún Gímílì ni, nínú oòrùn oṣù kẹjọ.
Màmá ká ìró dé orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀,
wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń gbé e wọ̀n lọ́wọ́
bí ẹni ń ná iṣu, wọ́n ń sọ ọ́ nù.
"Ọmọ ọlọ rèé! Omi ti bá mi gbẹ́ ẹ tán.
Bílẹ́ńdà yín kàn ń pariwo ni,
kò jẹ́ kí ata mọ̀ pé òun ti kú."
Ìyá ọlọ ń bẹ ní Ìkìrun, láìlọ́mọ,
láti ọdún tí tàtijọ́ ti là sí méjì.

Ligaya ní èèyàn lè sọ ọ́ lu awakọ̀.
Mo ní nílùú wa, òkò àbínújù kì í pẹyẹ.
Èdè òyìnbó yọ eyín ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ẹnu mi.
Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀
ń lọ, ń bọ̀, níbi tó ti dán,
níbi tí ata ti pọ́n ọn lára.
"Igi ni ti ìyá mi," ló wí. Ó tọ́ka sí àpótí:
ọ̀bẹ apẹja, oyin inú ìgò,
bọ́ọ̀lù gíláàsì tí yìnyín ń rọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.
Ọwọ́ mi kò gbà.

Mo wọ bàtà, mo jáde, mo tẹ Ìkìrun láago.
Ọ̀sán ti pọ́n lọ́hùn-ún. Àbúrò mi gbé fóònù sí wọn létí.
"Màmá, ẹ rántí òkúta Gímílì?"
"Òkúta wo?"
Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú fóònù.
"Ìwọ ọmọ ta ni?"

Mo gbé e sí ìdí òpó iná kẹta,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sáré wọ bàálù.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé. Yìnyín ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì,
wọ́n ti fi kátakátá gbá a jọ, òpó ò mọ ìdí ara rẹ̀ mọ́.
Mo kúnlẹ̀. Mo ń fọwọ́ lásán wa ilẹ̀.
Bàbá arúgbó kan dúró, ó ní kí ló sọnù.
Mo ní ọmọ ọlọ, ní Yorùbá, bó ṣe wá sẹ́nu mi.
Ó mi orí, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀,
ó bá mi bẹ̀rẹ̀,
kò mọ ohun tí à ń wá.