Òwú Inú Ẹ̀rọ

Ó ń yí. Kò gbóná.
Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tí Láwànì fi ránṣẹ́ láti Líọ̀n,
tó bá kọ̀ǹtẹ́nà gúnlẹ̀ sí Kútọnu,
tó gun ọmọlanke dé ẹnu ọ̀nà wa l'Ájàṣẹ́,
ń yí bí òkòtó,
ń kùn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ,
aṣọ tí mo kì sínú rẹ̀
tutù wọlé, ó tutù jáde.

Òjò oṣù kẹfà kò mọ̀ pé arúgbó wà nílé.
Ó rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ọ̀sà wú, ó ń lá ẹsẹ̀ afárá,
okùn ìsáṣọ wa rọ̀ bí ìfun ewúrẹ́.
Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi ń lò lóru.
N ò ní sọ ohun tó ń rin wọ́n.
Ẹni tó bá ti tọ́jú òbí rí ti mọ̀ ọ́n.

Mo ránṣẹ́ pe Sìríyákù, ará Jásìn, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.
Sémíjàn gbé e dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ pọ̀n bí ọmọ.
Ó fi tẹ́sítà kan ojú iná: iná wà.
Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fetí sí i: ilẹ̀kùn gbà.
Bẹ́líìtì kò já. Mọ́tò kò jóná.
Ó họrí.
"Irin ìgbóná ló kú, màdáámù.
Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì fáráǹ,
ní Kútọnu, bí a bá rí i."
Owó oògùn oṣù kan gbáko!
Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.
Ó gba owó ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò fi rìn, ó lọ.

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi ránṣọ lẹ́bàá ọjà Wándò.
Látìgbà tí apá ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára,
ẹyọ ẹyọ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀,
bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú páálí.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ wà lájà,
etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.
"Àwẹ̀ró."
"Bàbá."
"Kò mí."
Mo sáré fọwọ́ kan àyà rẹ̀.
Ó mirí, ó fi àgbọ̀n júwe igun yàrá.
"Òwú."

Mo yọ okùn iná lára ògiri kí n tó fọwọ́ kàn án.
Mo fà á síwájú, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ké.
Asẹ́ ẹnu rẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ̀n ọ́n.
Ẹ̀yìn ni n ò dé rí.
Mo tú ọ̀pá tí èémí rẹ̀ ń gbà jáde,
mo kiwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́,
mo fa òwú, òwú ò tán.
Òwú eléérú, òwú aláró,
pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn:
ìró ìyá mi, tí a fi ń bo ẹsẹ̀ bàbá láti ìgbà tí olówó rẹ̀ ti lọ.
Bọ́tìnì kan. Fáráǹ márùndínlọ́gbọ̀n kan.
Lábẹ́ ohun gbogbo, fíúsì kékeré kan
tó kọ́kọ́ já kí ilé má baà jóná.

Mo mú un lọ bá Sìríyákù lówùúrọ̀.
Nínú àpò tirẹ̀ náà ló ti rí èkejì.
Ẹgbàá fáráǹ.
Ó wo òwú tí mo dì sínú ọ̀rá,
ó ní òun ò gba owó ẹsẹ̀ lónìí.

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí mo tẹ́ ẹ fún bàbá,
aṣọ gbígbẹ, ó ṣì ń móoru.
Ó fi àtàńpàkò òsì tọ etí rẹ̀ lọ, tọ etí rẹ̀ bọ̀,
ó dúró níbi tí okùn ti ń tú.
"Ta ló rán an?"
"Ẹ̀yin ni, bàbá."
Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀.
"Ó gbìyànjú."