Méjìlá Lọ́dún

Ìwé àdéhùn dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé,
ojú ìwé mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí níbẹ̀:
méjìlá.
Fíìmù méjìlá lọ́dún, ọ̀kan lóṣù,
bí ẹni ń san owó ilé.

Inú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti ń gé fíìmù,
lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà tòkunbọ̀.
Ẹ̀rọ amúnáwá Músílíù ń kùn nísàlẹ̀,
kọ̀ǹpútà mi gbóná bí ọmọ tí ibà mú,
mo kọ fáànù kékeré sí i,
èmi fúnra mi ń làágùn.

Nínú fíìmù kẹta, òjò kan wà.
Orí Òkè Mápó la ti yà á.
Àárọ̀ mẹ́ta gbáko la fi dúró dè é:
ọjọ́ kìíní, oòrùn ló yọ;
ọjọ́ kejì, ó ti rọ̀ tán kí kámẹ́rà tó jí;
ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Bẹẹrẹ,
ó ń fẹsẹ̀ tẹ páànù kọ̀ọ̀kan bọ̀ wá bá wa,
páànù tuntun, páànù tó ti dípẹtà,
títí gbogbo ìlú fi ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ìbíyẹmí tó ń darí wa gbàgbé láti ní ká dáwọ́ dúró.
Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni.

Lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́:
"Ẹ gé òjò yẹn. Ìṣirò wa fi hàn
pé kó tó pé ogún ìṣẹ́jú àáyá,
àwọn èèyàn á ti fi ìka tì í kọjá."
Wọ́n mọ ibi tí ìka ti ń yún gbogbo ayé.
Wọn ò mọ bí òórùn òjò ṣe rí lórí Òkè Mápó.
Mo dá wọn lóhùn pé mo ti gé e.

Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ:
mo sọ ọ́ fún Músílíù nígbà tó gbé epo wá.
Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ ń ṣe ẹyọ kan lọ́dún mẹ́ta,
tí gbogbo yín ń pè é ní iṣẹ́ ọnà,
ta ló san owó iléèwé Sàláwátù?
Fíìmù karùn-ún ò dára, mo mọ̀,
èmi ni mo tan iná sí i.
Ṣùgbọ́n fíìmù karùn-ún ló ra páànù ilé mi."
Mo dákẹ́.
Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí òjò yẹn,
ilé Músílíù ni mo ń wá láàárín páànù.

Fíìmù keje, ọjọ́ mọ́kànlá la fi yà á.
Fíìmù kẹjọ, aṣọ ìyàwó inú ìkeje la tú,
la fi di òkú.
Nígbà tó fi di ìkẹsàn-án, mi ò rántí orúkọ olè náà mọ́;
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á,
kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Lálẹ́ Sátidé mo lọ kí ìyá mi ní Òkè-Àdó.
Fóònù wà lórí ìrọ̀rí, ó ti sùn lọ.
Àwọn èèyàn mi ń sáré, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń sunkún
níwájú ẹni tó ń hanrun.
Bí ọ̀kan ṣe parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀,
kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni,
òmíràn tún tẹ̀ lé e,
bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì.
Mo na ọwọ́ kí n pa á.

Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, láti ìhà Bẹẹrẹ.
Ìyá mi ta gìrì, kò tilẹ̀ lajú:
"Òjò ń rọ̀! Ẹ lọ ká aṣọ lórí okùn."

Mo jáde. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ kún un.
Mo ká aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti gbẹ táútáú,
mo kó o mọ́ àyà.
Nínú ilé, òjò ò tíì dá.
Ó ku fíìmù mẹ́ta.