Ṣọ́bìrì Gudleik

Ní oṣù kìn-ín-ní tí ọba wàjà,
òtútù Oslo ń gé etí bí abẹ.
Àwọn èèyàn tan àbẹ́là sínú yìnyín níwájú ààfin.
Wọn ò pariwo; ará ibẹ̀ kì í kígbe ẹkún,
imú lásán ni wọ́n ń fà.

Aago mẹ́ta òru ni Gudleik jí.
Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra,
ó gbé ṣọ́bìrì.
Òkè ni ọ̀nà tí pósí ọba máa gbà,
yìnyín sì ti bò ó dé orúnkún.
Ó ń kó o, ó ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ojú ọ̀run ń da òmíràn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Nígbà tí ẹṣin fi máa kọjá láìyọ̀
ó ti dé ilé, ó ti sùn.
Kò rí pósí. Kò rí àsíá.

Eldar aládùúgbò rẹ̀ rí i.
Eldar wọ aṣọ ológun, ó dúró gbọnyin,
kò mira títí òkú ọba fi kọjá.
Nígbà tó yá, àpótí kékeré kan dé fún un:
fàdákà rubutu, kò ju ìdérí ìgò lọ,
ojú ọba níwájú, adé lẹ́yìn,
rìbọ́ọ̀nù pupa lókè rẹ̀.
Gudleik kí i kú oríire.
Tinútinú ni, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún mi,
mo sì gbà á gbọ́ dé ìdajì.

Ọdún gorí ọdún. Eldar kú.
Ọmọ rẹ̀ wádìí iye tí wọ́n ń ra irú ẹ̀:
owó tí kò tó ra bàtà.
Ragnfrid, opó rẹ̀, já a gbà lọ́wọ́ ọmọ,
ó sọ ọ́ sínú agolo kọfí,
ó sọdá títì wá.
Ó ní, "Eldar máa ń wí i pé
ẹsẹ̀ òun ò yọ̀ lọ́jọ́ náà,
pé ẹnìkan ló kó ilẹ̀ de òun."

Gudleik ò so ó mọ́ àyà.
Ó ní àyà òun ò mọ ìlò rìbọ́ọ̀nù.
Ọrùn ṣọ́bìrì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló so ó mọ́.
Èmi tí mo ń gbé òkè ilé rẹ̀,
mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ yìnyín:
kin-in, kin-in,
fàdákà ń lu irin,
ojú ọba ń dojú kọlẹ̀, ó ń gbéra,
ọ̀nà sì ń là
fún ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.