Orúkọ Eérú

Páálí mọ́kànlélógójì ni wọ́n dá padà fún wa láti Rọ́tádáàmù,
téèpù pupa lọ́rùn wọn bí okùn lọ́rùn olè,
ìwé kan lẹ̀ mọ́ èyí àkọ́kọ́:
Kí ló wà nínú èyí?

Mo kà á sétí Yèyé Ìbídàpọ̀
nídìí ìkòkò ọṣẹ, lẹ́yìnkùlé wa ní Ìròjò.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Kí ló wà nínú ọṣẹ? Ọṣẹ ló wà nínú ọṣẹ.
Sọ fún wọn: àdín, eérú èèpo kòkó, omi,
àti apá mi ọ̀tún tó ti ń rò ó
láti ọdún tí mo bí bàbá rẹ."

Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kò sáyè fún apá.
Nọ́ńbà ni wọ́n ń fẹ́, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀,
bó ṣe le tó lára, bó bá ta síni lójú kí ni ká ṣe,
bó bá dà sódò, ẹja mélòó ni yóò kú.
Ojú ewé mẹ́rìndínlógún.
Mo bú wọn. Mo ní ẹ wo àwọn tí kò jókòó ti ààrò rí,
wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa bí òṣómàáló,
wọn ò ní í dìde láìgba èsì.
Iṣẹ́ tí baba wa fi jẹun ló wá padà dé bá wa.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè,
ọṣẹ mẹ́ta nínú ọ̀rá, eérú nínú agolo mílíìkì.
Ọ̀mọ̀wé Lápité gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Irú èyí ni ìyá mi fi wẹ̀ mí."
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ lórí fóònù.
"Òjé wà nínú eérú yín."

Òjé.
Nínú èèpo kòkó tá a sá lóòrùn níwájú ilé?

A pe Gbádégẹṣin tó ń bá wa sun eérú.
Kò purọ́. "Lásìkò òjò, èèpo kì í gbẹ.
Mo máa ń fi pákó kún un,
ilẹ̀kùn àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ní Òkèsà,
tí ọ̀dà ara wọn nípọn bí awọ.
Ó máa ń jó dáadáa, Yèyé.
Ó máa ń jó dáadáa."

Ọmọ Ọwá kì í rídìí ìṣáná,
ilé la ti ń múná roko, a sì fi ń yangàn.
Ilé náà la ti mú òjé.

Yèyé fi ọmọrí dé ìkòkò.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Àwọn ará ọ̀hún dá tiwọn padà.
Èyí tá a tà lọ́jà ńkọ́?
Èyí tá a fi wẹ ọmọ Títíladé, tí ìdodo rẹ̀ ò tíì já?
Ta ló kọ̀wé béèrè ìyẹn?"

Fọ́ọ̀mù wà lórí àpótí, afẹ́fẹ́ ń ṣí i.
Ojú ewé keje: Ta ni ká pè bí ewu bá ṣẹlẹ̀?
Mo ti fi ìbínú kọ nọ́ńbà ara mi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Mo yí ìwé náà dé, mo mú bírò,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó rà á lọ́wọ́ wa
láti òjò èṣí.